Àmì ìka kan lára ìyá ọkọ̀ lè ba gbogbo ọmọ ẹ̀ jẹ́!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé eré ọmọdé ni kéèyàn máa ṣe ọkọ̀ ojú omi kékeré, ẹ gbọ́ o! Ẹ jẹ́ ká mú Clotilda, ọkọ̀ tó kó àwọn èèyàn wa bíi Kossola lẹ́rú láti Wìdà lọ sí Alabama lọ́dún 1860. Wọ́n dáná sun ún kí àṣírí má baà tú, àfi lọ́dún 2019 tí wọ́n kéde pé àwọn ti rí àwókù ẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 86 ni gígùn ẹ̀, 23 ni fífẹ̀ ẹ̀. Tí wọ́n bá dín in kù lọ́nà 72, ínṣì 14 àti díẹ̀ ló máa gùn.

Oníṣẹ́ ọwọ́ á kọ́kọ́ fi igi tàbí ike gbẹ́ ìyá ọkọ̀, á fi sáńdípépà ha á títí á fi dán, kó tó da rọ́bà sílíkọ́ọ̀nù bò ó. Tí rọ́bà bá gan, wọ́n á yọ ìyá kúrò, wọ́n á wá máa da résìn sí àyè ẹ̀ láti fi bí ọmọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí olófòófó ni rọ́bà yẹn. Irun kan, àmì ìka, ojú ibi tí fáìlì gbà, gbogbo ẹ̀ ló ń tú síta. Résìn tún máa ń sún kì díẹ̀, ìyẹn làwọn tó mọṣẹ́ ṣe ń gbẹ́ ìyá tóbi díẹ̀. Rọ́bà náà kì í sì í pẹ́ tó fi máa ń ya, ìyá ni wọ́n á tún padà lọ bá. Tó bá ti kán nígbà tí wọ́n ń fà á yọ, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù wọmi nìyẹn.

Òpó ìgbòkun ò bá wọn débẹ̀ ní tiẹ̀. Wáyà tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ lẹni tó bá ra ọmọ ọkọ̀ sábà máa ń fi ṣe é.