Fífi Omi Mú Kọ̀ǹpútà Tutù: Ètò Tó Yẹ Kó Ṣáájú Ọjà Rírà

Ìfáárà

Iná tí kọ̀ǹpútà ń jẹ kì í ṣègbé; ooru ni ó ń dà. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àpilẹ̀kọ yìí, AMD Ryzen 7 7800X3D, lè fa iná tó wáàtì 162 bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Káàdì àwòrán NVIDIA RTX 4080 lè fa 320. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ wáàtì 482, inú àpótí kan ṣoṣo sì ni gbogbo ooru yìí wà. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lé e jáde. Àwọn mìíràn a máa lo omi, kì í ṣe èyí tí ilé iṣẹ́ ti dì pa kí wọ́n tó tà á, bí kò ṣe èyí tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ yan ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì so wọ́n pọ̀. Òbírí omi ni a ó máa pè é níhìn-ín. A kò pè é ní ọ̀nà omi, nítorí pé ọ̀nà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Omi yìí ń yípo ni.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. Inú ohun olómi ni a ri kọ̀ǹpútà ńlá Cray-2 bọ̀ ní 1985, Apple sì ta Power Mac G5 tí ohun olómi ń mú tutù ní 2004. Ohun tó tuntun ni pé ẹnikẹ́ni lè ṣe é lórí tábìlì ilé rẹ̀ báyìí. Ewu ibẹ̀ kò sì fara sin: ẹ̀kán omi kan lórí mọ́dábọ́ọ̀dù lè ba ohun tí a fi owó oṣù mélòó kan rà jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyí tí bébà àti rúlà fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ọjà.

Ohun tí omi lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe

Ooru tó lè mú omi lítà kan gbóná sí i ní ìwọ̀n kan yóò mú afẹ́fẹ́ tó ju lítà 3,000 lọ gbóná sí i bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Agbára omi nìyẹn. Ṣùgbọ́n rédíétọ̀ ni omi ti ń lọ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ yàrá ni fáànù rédíétọ̀ sì ń fẹ́. Nítorí náà, omi náà kò lè tutù ju yàrá lọ láéláé. Bí yàrá kan ní Ìbàdàn bá wà ní ìwọ̀n 33 Celsius ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà, omi inú òbírí tí a ṣètò dáadáa lè wà ní nǹkan bí 43 nígbà tí iṣẹ́ bá le. Ẹni tó bá ń retí pé kí kọ̀ǹpútà òun tutù bí omi fíríìjì ń tan ara rẹ̀ ni. Ohun tí òbírí ń fúnni ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́: fáànù mélòó kan á máa yí jẹ́jẹ́ dípò kí méjì máa pariwo. Ní èrò tiwa, ẹni tó jẹ́ pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ nìkan ló ń gbóná kò nílò rẹ̀. Irin onífáànù tó dára tó o, owó rẹ̀ sì kéré jọjọ. Káàdì àwòrán ló ń mú kí òbírí tó owó tí a ná lé e.

Ó tún yẹ kí a yanjú àríyànjiyàn kan tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ máa ń ṣe: ṣé ọpọlọ ni omi yẹ kó kọ́kọ́ dé ni, àbí káàdì? Bí pọ́ǹpù bá ń ti omi lítà 4 láàrin ìṣẹ́jú kan, gbogbo wáàtì 482 náà kò lè fi ìwọ̀n 2 kún gbígbóná omi láti ibi tó ti wọlé sí ibi tó ti jáde. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ètò tó bá mú kí rọ́bà kúrú, tí kò sì jẹ́ kó ṣẹ́ po, ni kí a tẹ̀lé. Òfin kan ṣoṣo tí a kò gbọdọ̀ rú ni pé kí táńkì ṣáájú pọ́ǹpù, kó sì ga jù ú lọ. Omi tó ń gba inú pọ́ǹpù kọjá ni òróró rẹ̀. Bí ó bá yí lórí òfìfo, ó ń jẹ ara rẹ̀ ni.

Wíwọn àpótí àti yíyan ẹ̀yà

Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí a ka wáàtì 100 sí ojú fáànù kan tó fẹ̀ ní mìlímítà 120. Fún 482, márùn-ún ló kéré jù. Rédíétọ̀ 360 méjì, tó gba fáànù mẹ́fà, yóò fún wa láyè díẹ̀. Orúkọ 360 yìí a sì máa tanni. Fáànù mẹ́ta ni ó kà, kò ka orí àti ìdí rédíétọ̀ níbi tí omi ti ń ṣẹ́rí padà, nítorí náà gígùn rẹ̀ gan-an a máa sún mọ́ 400. Ní ti nínípọn, rédíétọ̀ tó jẹ́ mìlímítà 30 pẹ̀lú fáànù tó jẹ́ 25 yóò gba 55. Ibẹ̀ ni òkè àpótí ti sábà máa ń kùnà, nítorí pé orí mọ́dábọ́ọ̀dù ti wà níbẹ̀.

Àwo bàbà tí a ń gbé lé ọpọlọ kò ṣòro láti yàn, ti káàdì ni kí a ṣọ́ra fún. RTX 4080 tí ilé iṣẹ́ méjì ṣe lè jọ ara wọn ní orúkọ, kí ètò ẹ̀yà orí pátákó wọn má sì bára mu rárá. Kí a tó ra káàdì pàápàá, kí a wo nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ tí àwọn tó ṣe àwo náà gbé jáde. Àwo tí kò bá a mu kò ṣeé fi tipá wọ̀ ọ́.

Bàbà àti alumíníọ̀mù kò gbọdọ̀ pàdé nínú omi kan náà. Ńṣe ni wọ́n á máa ṣe bíi bátìrì, alumíníọ̀mù ni yóò sì máa jẹ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Idẹ àti níkẹ́ẹ̀lì lè bá bàbà gbé. Nítorí èyí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ rédíétọ̀ ara ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ dì pa lò, nítorí pé alumíníọ̀mù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Rọ́bà rírọ̀ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Páìpù líle dùn ún wò, ṣùgbọ́n iná ni a fi ń tẹ̀ ẹ́, àṣìṣe kan sì ti sọ ọ̀pá kan di ìdọ̀tí. Nínú àwọn rọ́bà rírọ̀, dúdú tí wọ́n fi EPDM ṣe ló tẹ́ wa lọ́rùn jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ́ gaara ní èròjà kan tó máa ń yọ́ sínú omi, tó sì ń dí àwọn ojú tẹ́ẹ́rẹ́ inú àwo bàbà. Ẹnu ìsopọ̀ G1/4 wọ gbogbo ẹ̀yà, ṣùgbọ́n èyí tí a kọ 10/16 sí kò lè di rọ́bà 10/13 mú.

Omi ẹ̀rọ kò yẹ. “Pure water” inú ọ̀rá náà kò yẹ: wọ́n sẹ́ ẹ fún mímu ni, èròjà ilẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Omi tí a sè di èéfín tí a sì tún gbà sílẹ̀ ló tọ́, pẹ̀lú oògùn tí kò ní jẹ́ kí ọbẹ̀dò hù àti èyí tí kò ní jẹ́ kí irin bàjẹ́. Àwọn olómi aláwọ̀ bíi wàrà máa ń silẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Kò yẹ fún òbírí àkọ́kọ́.

Kí a fi ẹnu ìdàmi sí ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ nínú àwòrán wa. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ yóò tú òbírí rẹ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù.

Ìdánwò

Kí a kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ dán an wò ní nǹkan bí 0.5 bar. Bí ọwọ́ àgogo kò bá rẹlẹ̀ láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí a wá da omi sí i. Pọ́ǹpù nìkan ni kó rí iná. Kí a yọ okùn iná mọ́dábọ́ọ̀dù àti ti káàdì, kí a tẹ́ bébà ìnuwọ́ sí abẹ́ gbogbo ìsopọ̀, kí a sì jẹ́ kó yípo fún odindi ọjọ́ kan.

Bí iná bá lọ lójijì, kò séwu: pọ́ǹpù àti orísun ooru á jọ dákẹ́. Ewu ni kí pọ́ǹpù kú nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, okùn tó ń ka yíyí pọ́ǹpù ni kí a so mọ́ ojú CPU_FAN, kí mọ́dábọ́ọ̀dù lè ké gbàjarè bí ó bá dúró. Lẹ́yìn èyí, eruku ọyẹ́ ló kù. A máa ń gbá a kúrò lára rédíétọ̀ kí ọyẹ́ tó dé àti lẹ́yìn tó bá lọ, a sì ń pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.