Kẹ̀kẹ́ Lórí Òkè Alps: Ìsọ̀kalẹ̀ Ni Iṣẹ́ Wà

Portes du Soleil ni wọ́n ń pe agbègbè ìsinmi kan lórí òkè Alps, láàárín adágún Geneva àti Mont Blanc. Ìlú 12 ló para pọ̀ níbẹ̀: Morzine, Les Gets, Avoriaz àti Châtel wà lára ti Faransé; Champéry àti Morgins wà lára ti Switzerland. Nígbà òtútù, yìnyín ló ń fa èrò lọ síbẹ̀. Láti nǹkan bí ìparí oṣù kẹfà wọ oṣù kẹsàn-án, tí yìnyín ti yọ́, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló ń gba ibẹ̀ kan.

Àwọn àga tó ń rìn lórí wáyà ló mú kí èyí ṣeé ṣe. Nítorí àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín ni wọ́n ṣe rì wọ́n mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á fi ìkọ́ sí wọn lára kí wọ́n lè gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ ọ. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì òòjọ́ á jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀rọ á sì gbé e dé orí òkè. Ẹni tó bá rò pé agbára ẹsẹ̀ ni eré yìí gbà, ibi tí kò sí ló ń wò. Ọwọ́, ojú àti bíréèkì ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì kì í ṣe tuntun. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin County, ní Califọ́níà, máa ń gbé ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá lọ sórí òkè, wọ́n á sì bá a sáré wálẹ̀. Bíréèkì wọn máa ń gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ á jóná, tí wọ́n á fi ní láti kó òmíràn sí i kí wọ́n tó tún gùn ún.

Ìdí tó fi ń gbóná kò lọ́jú. Bí ènìyàn àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wọn kílò 90, tí wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ ní mítà 700, agbára tó jáde lé ní kílójúùlù 600. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọ inú bíréèkì, á se omi tútù tó lé ní lítà kan ààbọ̀ títí tí yóò fi hó. Lóde òní, àwo irin pẹlẹbẹ ni bíréèkì ń fún mọ́ra, irin náà a sì máa yí àwọ̀ padà bí aró bí ooru bá pọ̀ jù. Ẹni tó bá di bíréèkì mú láti òkè délẹ̀, apá rẹ̀ á kú tipiri kó tó dé ìsàlẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn máa ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí wọ́n tó dé kọ́nà, wọ́n á sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọn kì í jókòó. Orí pẹ́dà ni wọ́n ń dúró sí, pẹ̀lú orúnkún títẹ̀, ojú wọn á sì wà níwájú, kì í ṣe ní ẹsẹ̀ táyà.

Àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ bí ọ̀nà ṣe le tó ní Faransé: àwọ̀ ewé fún èyí tó rọrùn jù, lẹ́yìn rẹ̀ búlúù, lẹ́yìn náà pupa, dúdú sì gbẹ̀yìn. Òjò a máa sọ búlúù di pupa, nítorí gbòǹgbò igi tó tutù ń yọ̀ ju òkúta lọ. Champéry ni wọ́n ti rí i kedere ní 2011, nígbà ìdíje àgbáyé: nínú òjò àti ẹrẹ̀, Danny Hart, ọmọ Britain, fi ohun tó lé ní ìṣẹ́jú àáyá 11 ṣáájú ẹnì kejì gba ipò kìíní. Nínú irú eré yìí, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tàbí ìdá rẹ̀ ló sábà máa ń ya ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnì kejì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Portes du Soleil kò níṣẹ́ lórí ọ̀nà dúdú, bó ti wù kó mọ kẹ̀kẹ́ gùn nílé.

Ààrá a máa sán lọ́sàn-án, àwọn àga náà a sì dúró. Wọ́n tún ní aago tí wọ́n ń ṣíwọ́, èyí ló sì ń kó àlejò sí wàhálà jù: ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ sí Champéry, tí yàrá rẹ̀ wà ní Morzine, á sanwó takisí gọbọi bí àga ìkẹyìn bá ti lọ. Kí ó ra ìbánigbófò pẹ̀lú, torí ọ̀fẹ́ kọ́ ni hẹlikópítà tó ń gbé ẹni tó fara pa ní Switzerland. Ní ti ìwé, físà Schengen kan náà ló gba orílẹ̀-èdè méjèèjì.