Ìwà Mímọ́ Nínú Apẹ̀rẹ̀ Tòmátì

Ẹ̀yin ará wa, àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Àwa tí a ń gbé Sabon Gari, tí a sì ń ná ọjà Yankaba, mọ ohun tí òwe yìí ń wí. Nígbà tí a bá ń di tòmátì fún Máìlì 12 ní Èkó, àwọn mìíràn a kó èyí tí ó ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, wọn a sì fi èyí tí ó dára bò ó lójú. Ẹni tí yóò rà á kò sí nítòsí láti rí wọn.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbàdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi kí ilé mì tìtì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣí Lefitiku orí 19. Ní ìbẹ̀rẹ̀ orí náà ni Ọlọ́run ti pàṣẹ kí àwọn ènìyàn Rẹ̀ jẹ́ mímọ́. Kí orí náà tó parí, Ó ti dé orí òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó bá ya ìwà mímọ́ kúrò lára òṣùwọ̀n ti ya ohun tí Ọlọ́run so pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ilẹ̀ Haúsá ni àwọn oníṣòwò Yorùbá, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, dá sílẹ̀. Bí oníbàárà bá rí ìrẹ́jẹ lọ́wọ́ oníṣòwò lónìí, etí wo ni yóò fi gbọ́ ìwàásù rẹ̀ lọ́la?

Ẹni tí ó ti rẹ́ni jẹ ńkọ́? Ìrònúpìwàdà Sákéù agbowó-òde dé inú àpò rẹ̀: ó ṣèlérí láti san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìjọ Deeper Life, tí Olùsọ́-àgùntàn W. F. Kumuyi bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Èkó ní 1973, ń tẹnu mọ́ ẹ̀kọ́ yìí pé kí onírònúpìwàdà dá ohun olóhun padà.

A mọ̀ pé kò rọrùn. Owó ọkọ̀ wọ́n, tòmátì kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ẹ yà èyí tí ó rọ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ sì tà á ní iye tí ó tọ́ sí i. Àwọn ọmọ tí a bí sí Kánò ń wo ọwọ́ wa. Orúkọ kan ni gbogbo wa ń jẹ́ níhìn-ín. Apẹ̀rẹ̀ ẹnì kan lè bà á jẹ́ fún gbogbo ilé.