Ṣé O Mọ̀? Ohun Tó Ń Gbé Fẹ́rẹ́ẹ̀tì Arúgbó Ṣubú

Ṣé o mọ̀ pé ó ti lé ní 2,000 ọdún tí fẹ́rẹ́ẹ̀tì ti ń bá èèyàn gbé? Ẹranko kékeré ni, ara rẹ̀ gùn gbọọrọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Àwọn ará Yúróòpù máa ń rán an wọ ihò lọ lé ehoro jáde. Lónìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà ló ń sìn ín nínú ilé.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 3 sí 4 péré ló fi ń di arúgbó? Ọ̀pọ̀ wọn kì í lò ju ọdún 5 sí 8 lọ láyé. Àìsàn ọjọ́ ogbó máa ń dé nígbà tí ẹni tó ń sìn ín ṣì ń pè é ní ọmọdé.

Ṣé o mọ̀ pé ó lè sun oorun wákàtí 14 sí 18 lóòjọ́? Ìdí nìyẹn tí àárẹ̀ rẹ̀ fi máa ń pẹ́ kó tó hàn síta. Bí oorun tó ti pọ̀ tẹ́lẹ̀ bá tún lé díẹ̀ sí i, ta ni yóò fura?

Ṣé o mọ̀ pé lọ́pọ̀ ìgbà tí gìrì bá mú fẹ́rẹ́ẹ̀tì arúgbó, inú orí kọ́ ni àrùn náà wà? Kókó kéékèèké kan ló máa ń hù sára ẹ̀yà inú tó ń ṣe ínsúlínì. Insulinoma ni wọ́n ń pè é, ó sì wọ́pọ̀ gan-an lára àwọn tó ti lé ní ọdún 3. Kókó yìí á máa tú ínsúlínì jáde láìdáwọ́ dúró, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á sì já wálẹ̀. Ṣúgà yìí ni ọpọlọ ń jẹ. Bó bá ti dín kù jù, ọpọlọ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Ṣé o mọ̀ bó ṣe máa ń rí lójú? Ẹran náà á dúró sójú kan, á tẹjú mọ́ ògiri, orúkọ rẹ̀ tí ò ń pè kò ní wọ̀ ọ́ létí. Itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀. Á máa fi ọwọ́ iwájú ha ẹnu bíi pé eegun há a léyín. Bó bá fẹ́ rìn, á ta gbọ̀ngbọ́n, á máa wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀. Bí kò bá rí ìrànlọ́wọ́, gìrì lè tẹ̀ lé e, ó sì lè gba ibẹ̀ kú.

Ṣé o mọ̀ pé oyin lè gbà á là títí o fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko? Fi òwú kan oyin, kí o rọra fi pa èrìgì rẹ̀. Má ti ìka bọ ẹnu rẹ̀, torí ẹran tí gìrì mú kò mọ olówó rẹ̀, ó lè gé ọ jẹ. Má sì da oyin sí i lọ́fun. Bó bá ti ta jí, fún un ní oúnjẹ ẹlẹ́ran, torí oyin nìkan á tún ru ínsúlínì sókè, ṣúgà á sì tún já.

Ṣé o mọ̀ pé oúnjẹ kì í pẹ́ ju wákàtí 3 sí 4 lọ nínú rẹ̀? Ẹran ni ìfun rẹ̀ wà fún. Èyí tó bá ní insulinoma kò gbọ́dọ̀ fi ebi sùn mọ́jú. Bísíkíìtì àti èso dídùn kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lè là ọ́ lóye? Bí ṣúgà bá já sísàlẹ̀ 60 lórí òṣùwọ̀n mg/dL, insulinoma ni dókítà á kọ́kọ́ fura sí. Ìtọ́jú rẹ̀ wà: oògùn bíi prednisolone àti diazoxide, tàbí iṣẹ́ abẹ láti gé kókó náà. Ó lè padà hù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń tipa bẹ́ẹ̀ rí oṣù púpọ̀ sí i gbádùn.

Ṣé o mọ̀ pé àìsàn ọkàn, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àrùn Aleutian tí fáírọ́ọ̀sì ń fà lè mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ rọ? Orí tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà lè jẹ́ pé inú etí ló ń dùn ún.

Ṣé o mọ̀ pé kókó kan wà tó fẹ́ràn ṣóńṣó ìrù? Chordoma ni. Bí wọ́n bá gé ìrù náà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sábà máa ń bùṣe. Èyí tó bá yọ lọ́rùn, tí kò wọ́pọ̀, ló léwu: ó lè tẹ okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, kó sì sọ ẹran náà di arọ.

Ṣé o mọ̀ pé kókó inú ọpọlọ gan-an ṣọ̀wọ́n lára rẹ̀? Àwọn dókítà ti rí meningioma, tó ń hù lára awọ tó bo ọpọlọ, àti astrocytoma, tó ń hù nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀. Ẹran náà lè máa yí po sápá kan, gìrì lè mú un nígbà tí ṣúgà rẹ̀ pé, onísùúrù sì lè di abùnijẹ. Ẹ̀rọ MRI ló ń fi kókó náà hàn, wọ́n á sì kọ́kọ́ fi oògùn kùn ún lóorun. Prednisolone lè dín wíwú ọpọlọ kù, phenobarbital lè dín gìrì kù. Bí ìyà bá ti wá pọ̀ jù ú lọ, kí olówó rẹ̀ jẹ́ kí dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ ìsinmi, àánú ni.

Ṣé o mọ̀ pé dístẹ́ńpà, àrùn ajá, máa ń wọ ọpọlọ fẹ́rẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń yè é kò sì tó nǹkan? Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ibuprofen tí èèyàn ń lò sí ẹ̀fọ́rí lè fa gìrì àti ìdákú fún un? Ooru tó bá kọjá 30°C náà lè dá a dùbúlẹ̀, torí náà Èkó àti Ìbàdàn kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ṣé o mọ̀ pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè? Lọ́dún 1933, ara fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw ti fi hàn ní London pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fa àrùn flu. Lẹ́yìn tí wọ́n bá bí i ni ọpọlọ rẹ̀ ń ká wẹ́wẹ́, ìyẹn sì ń ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ láti mọ bí tiwa náà ṣe ń ká.

Nítorí náà, ìwọ tó ń sin fẹ́rẹ́ẹ̀tì, bí tìrẹ bá ṣubú, má sọ pé ogbó ni, má sì sọ pé ọpọlọ ti bàjẹ́. Fi fóònù ya fídíò bó ṣe ń ṣe, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí o ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ṣúgà rẹ̀. Bó bá sì ti pé ọdún 3, má dúró di ọjọ́ tó máa ṣubú kí o tó gbé e lọ.