Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé ọtí yín ti hó tán?

Ẹ̀yin ará Ìjemọ̀ ní Abẹ́òkúta tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọn bíà nílé, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìfófó. Ó lè rọlẹ̀ nígbà tí ṣúgà ṣì kù nínú ọtí. Àwọn ìyá tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ń fi ahọ́n mọ̀ ọ́n, àmọ́ wọn kì í dé tiwọn mọ́nú igò. Tí ẹ bá tètè dé igò, ó lè bú gbàù!

Ẹ ra haidirómítà, ìyẹn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń léfòó, tó ní nọ́mbà lára. Nínú omi lásán, 1.000 ló máa kà. Omi bálì tàbí àgbàdo tó dùn lè jẹ́ 1.045. Bí ìwúkàrà ṣe ń sọ ṣúgà di ọtí ni nọ́mbà ń wálẹ̀. Tó bá dé bíi 1.010, tí kò sì yẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ti hó tán. Ẹ yọ èyí kúrò nínú ti àkọ́kọ́, ẹ fi 131 sọ ọ́ di púpọ̀: ọtí náà le tó bíi 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ooru Abẹ́òkúta ńkọ́? 20°C ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ haidirómítà fún. Ní 30°C, ẹ fi bíi 0.002 kún nọ́mbà tí ẹ rí.

Èyí tí ẹ bù wọ̀n, ẹ má dà á padà. Ẹ tọ́ ọ wò.