Òjò Àkọ́rọ̀ Dé: Iṣẹ́ Ọwọ́ Wo Ni Ó Yẹ Ọmọ Wẹ́wẹ́?

Ní àárín oṣù kẹta ọdún tí ó kọjá, mo dé ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ kan ní agbègbè Kétu. Ooru mú gan-an ní ọjọ́ náà, eruku sì bo gbogbo ewé igi. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jókòó yí tábìlì ká. Wọ́n ń kun àwòrán òdòdó kan tí a ti tẹ̀ sórí ìwé. Tátà wọn sọ fún mi pé òdòdó tulip ni, àti pé ìgbà ìrúwé ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì bi ọmọbìnrin kékeré kan pé kí ni ó ń kùn. Ó wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní: "Àlùbọ́sà ni."

Ọmọ náà kò ṣìnà jìnnà, nítorí pé ohun tí tulip ti ń hù nínú ilẹ̀ jọ àlùbọ́sà. Ṣùgbọ́n kò rí òdòdó náà rí. Tátà rẹ̀ pàápàá kò rí i rí.

Mi ò dá tátà náà lẹ́bi. Ilẹ̀ Faransé ni ìwé tí ó ń lò ti wá. Níbẹ̀, ní nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù kẹta, ìgbà òtútù a máa parí, àwọn igi tí ewé wọn ti rẹ̀ dànù a sì tún rúwé. Ó tọ́ kí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ máa gé ìwé ní àwòrán òdòdó àti labalábá. Lọ́dọ̀ tiwa ní gúúsù Benin, oṣù kẹta yìí kan náà ni òjò ńlá ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa rọ̀ títí di oṣù keje. Ilẹ̀ a máa rùn dáadáa lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Àgbẹ̀ a gbé ọkọ́, máńgòrò a máa pọ́n, ìgbín a sì jáde. Ọmọ ọdún mẹ́rin mọ gbogbo èyí. Èmi àti tátà jọ sọ ọ́, a sì fẹnu kò pé bí òjò bá dé, kí wọ́n fi tulip sílẹ̀, kí wọ́n mú amọ̀.

Òjò dé, wọ́n sì mú amọ̀. Kò pẹ́ tí ìyá kan nínú kíláàsì alẹ́ wa fi dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo rán aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ, mo ń fún un lówó oúnjẹ lójoojúmọ́, ẹrẹ̀ ni ó sì ń gbé bọ̀ wálé. Ṣé ẹrẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ni?" Ó ti yọ ọmọ náà kúrò. Ọmọ ń bá a lọ sọ́jà láti ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ amọ̀ sílẹ̀. Lóòótọ́, láti ọdún 2006 ni ìjọba ti mú owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n aṣọ àti oúnjẹ ṣì wà lọ́rùn òbí. Ẹni tí ó náwó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Mo bi í léèrè bóyá ó rántí alẹ́ àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ di bíìkì mú. Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀yin náà rántí. Bíìkì kò wúwo, síbẹ̀ ó ń mú òógùn jáde lójú àgbà. Mo ti rí àgbẹ̀ tí ó ń kọ ebè láti òwúrọ̀ láìsinmi, tí ó sì tẹ bíìkì títí tí ìwé fi ya. Kì í ṣe agbára ni ó ṣaláìní. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ni kò tíì mọ bí a ṣe ń fi sùúrù di nǹkan kékeré mú. Ọmọ tí ó ti ń fún amọ̀, tí ó ń yí i, tí ó sì ń já a, ìka rẹ̀ ti ń kọ́ iṣẹ́ náà kí lẹ́tà tó dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1837, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Friedrich Fröbel dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké ní ìlú Bad Blankenburg. Nígbà tí ó di ọdún 1840, ó pè é ní ọgbà àwọn ọmọdé. Igi gbígbẹ́, ìwé kíká, híhun àti amọ̀ ni ó fi kọ́ wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é nílé, kí àgbàlagbà ni ó lọ wa amọ̀. Kí ó ṣa òkúta kúrò, kí ó fi omi díẹ̀ pò ó títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ìwọ̀n ẹyin adìyẹ kan tó fún ọmọ kan. Ọmọ yóò kọ́kọ́ yí i ribiti láàrin àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, lẹ́yìn náà yóò yí i lórí pákó títí yóò fi gùn bí ejò. Ó lè ká ejò náà sókè kí ó di ìkòkò, tàbí kí ó ká a bí ìkarahun ìgbín. Ìgbín ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ẹ lè gbé ìgbín gidi síwájú ọmọ kí ó máa wò ó. Ẹ gbẹ ẹ́ ní ibòji. Bí oòrùn bá pa á lójijì, yóò là.

Ewé ọ̀pẹ tún dára. Àgbàlagbà ni kí ó yọ igi àárín rẹ̀, èyí tí a fi ń ṣe ìgbálẹ̀, nítorí pé etí ewé náà a máa gé ọwọ́. Ẹ to ewé mẹ́fà ní òòró, ẹ fi òkúta tẹ orí wọn. Ọmọ yóò mú ọ̀kan ní ìbú, yóò gbé e gba orí èkínní, abẹ́ èkejì, orí ẹ̀kẹta. Ewé tí ó bá tẹ̀ lé e yóò bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè ṣe èyí, ẹ má fi ipá mú un. Fún òun, ẹ gbin hóró àgbàdo sínú èèpo àgbọn. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé yóò ti hù, ọmọ yóò sì máa fi èédú ya gíga rẹ̀ sára ògiri. (Ẹ yan ògiri tí ẹ kò ní bínú sí.)

Ohun kan ni mo bẹ̀ yín sí. Ẹ má fi èso kéékèèké fún ọmọ tí ó ṣì ń ti nǹkan bọ ẹnu àti imú. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fi ojú ológbò ṣeré, èso pupa tí ó ní ojú dúdú, tí àwọn mìíràn ń pè ní wẹ́rẹ́njéjé. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n májèlé ni. Májèlé ni èso lápálápá náà.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ dá ọmọ náà padà ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó bá a dé kíláàsì láti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó bá tátà níbi tí ó ti ń bá ewé ọ̀pẹ jìjàkadì. Ẹní híhun sì ni iṣẹ́ tí ìyá náà ti ń ṣe láti kékeré. Ó jókòó, ó gba ewé lọ́wọ́ tátà, kò sì dìde títí agogo fi lù. Láti ìgbà náà, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè bí wọ́n bá fẹ́ hun nǹkan. Nígbà tí mo yà nílé rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, igbá gààrì rẹ̀ wà lórí ẹní kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, tí etí rẹ̀ wọ́. Ó ní ọmọ òun kò gbà kí òun gbé igbá náà síbòmíràn.