Bí Ìmọ̀ Iṣẹ́ Kòkó Ṣe Rìn láti Agége dé Oǹdó

Nígbà tí a bá ń ka ọrọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, owó, ilẹ̀ àti ẹ̀rọ ni a sábà máa ń kà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, èyí ni ìmọ̀ bí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó sì rọ̀ mọ́ ọn: Ta ni ó dá ìmọ̀ náà sílẹ̀? Báwo ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn? Ta ni ó jẹ èrè rẹ̀? Ìtàn kòkó, igi tí ó mú owó wọ ilẹ̀ Oǹdó àti Àkúrẹ́, lè dá wa lóhùn.

Kòkó kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ní nǹkan bí 1880 ni J. P. L. Davies, ọ̀gá ọkọ̀ ojú-omi tí ó di oníṣòwò ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí gbìn ín ní Ìjàn lẹ́bàá Agége. Àwọn oníṣòwò mìíràn tẹ̀ lé e, J. K. Coker sì wà lára wọn. Ní 1907 wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olóko Agége sílẹ̀. Owó ara wọn ni wọ́n fi dán iṣẹ́ náà wò.

Iṣẹ́ yìí kò ṣeé fi ẹnu lásán kọ́ ènìyàn. Hóró kòkó kì í pẹ́ kú bí ó bá ti kúrò nínú èso rẹ̀. Ẹni tí ó bá sá a gbẹ bí àgbàdo kí ó tó gbìn ín kò ní í rí i kí ó hù. Lẹ́yìn ìkórè pẹ̀lú, a ní láti kó hóró tútù jọ, kí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ 5 tàbí 6, kí a máa yí i, kí a tó sá a. Ooru tí ó mú nínú òkìtì náà ni ó ń pilẹ̀ adùn rẹ̀. Bí a bá tètè tú u, yóò korò. Bí a bá pẹ́ jù, yóò bàjẹ́. Ọwọ́ àti imú ni ó ń mọ ìgbà tí ó tó, ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni a sì ti ń kọ́ ọ.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn alágbàṣe ni ó gbé ìmọ̀ náà kiri. Wọ́n wá láti Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó. Wọ́n gba owó iṣẹ́, wọ́n sì gbé irúgbìn àti ọgbọ́n lọ sílé. Ìjọ Ọlọ́run náà ràn án lọ́wọ́. Coker jẹ́ aṣáájú nínú Ìjọ Áfíríkà tí a dá sílẹ̀ ní 1901. Ní Oǹdó, Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips wà lára àwọn tí ó gba ará ìlú níyànjú láti gbin kòkó.

Ǹjẹ́ àwọn olóko Agége pàdánù nítorí pé wọn kò fi iṣẹ́ náà ṣe awo? Rárá o. Òkè òkun ni a ti ń dá iye owó kòkó. Oko ẹnì kan ní Oǹdó kò lè mú ọjà Agége wálẹ̀. Ẹni tí ó sì mọ̀ pé òun yóò kọ́ iṣẹ́ yóò fi tayọ̀tayọ̀ wá ṣe alágbàṣe. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kan wà tí alágbàṣe kò lè gbé. Ní 1828, ìdílé Van Houten ní ilẹ̀ Hólàńdì gba ìwé-àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ń fún òróró kúrò lára kòkó. Fún ọdún 10, ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ lò ó níbẹ̀. Nígbà tí àṣẹ náà parí, ọgbọ́n náà di ti gbogbo ènìyàn. Ní 1847 ilé-iṣẹ́ Fry ní Bristol ṣe ṣokoléètì tí a ń gé jẹ. Inú ẹ̀rọ àti orúkọ ilé-iṣẹ́ ni ìmọ̀ yìí ń gbé, ibẹ̀ náà sì ni èrè ńlá wà.

Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí irúgbìn àti àrùn. Ní Ilé-Olújìí, tí kò jìnnà sí Oǹdó, a kọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń lọ kòkó tí ó sì ń fún òróró rẹ̀. Síbẹ̀, hóró gbígbẹ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú kòkó wa ṣì fi ń wọ ọkọ̀ ojú-omi. Ẹni tí ó gbin kòkó fún àádọ́ta ọdún lè má mọ bí a ti ń ṣe ṣokoléètì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Oǹdó àti Àkúrẹ́, àwọn baba yín rin ìrìn-àjò dé Agége kí wọ́n tó mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Ìdajì kejì ni ó kù.